Ohun Tí Mo Túmọ̀ Lẹ́nu Ìyá Rábì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mo sì ti pinnu pé màá gbé e wọ sàréè ni. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Olè ni mí. Mi ò jí owó, mi ò jí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà máa gbọ́.

Ìlá-Ọ̀ràngún ni mo lọ́kọ sí. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀, àmọ́ ilé ìwé aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé, mo wá di ẹni tó ń wo ọwọ́ ọkọ. Ìyá àgbà kan wà ní agboolé wa, Ìyá Rábì là ń pè wọ́n. Irú ni wọ́n ń ṣe. Lọ́jọ́ kan wọ́n rí mi tí mò ń sunkún nídìí kànga, wọn ò bi mí ní ìdí. Wọ́n kàn ní, "Ìyàwó, wá bá mi fọ irú." Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà nìyẹn. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se igbá, èso tí wọ́n fi ń ṣe irú, látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, bí wọ́n ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀ kó lè di irú. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ohun kan wà tí Ìyá Rábì mọ̀ tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Irú tàwọn yòókù, tí kò bá tètè tà, ìdin á yọ níbẹ̀. Tiwọn kì í bàjẹ́. Wọ́n máa ń sun èèpo igbá di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á fi fọ irú, wọ́n á dá iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á wá sá a sábẹ́ ìbòòji. Wọn kì í sá a sóòrùn rárá. Ẹ lè gbàgbé rẹ̀ sílé fún oṣù mẹ́ta. Ìyá tó bí wọn ló kọ́ wọn ní Òkè-Ìlá.

Àwọn ará yunifásítì kan wá dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo bí àwa obìnrin oní-irú ṣe ń ṣiṣẹ́, kí àwọn lè fi ìmọ̀ tiwọn kún un, kí ọjà wa lè rìn jìnnà. Dókítà obìnrin kan ló ṣáájú wọn. Kì í ṣe dókítà ọsibítù o, ìmọ̀ nípa oúnjẹ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Kò gbọ́ Yorùbá rárá, ká má tíì sọ ti Ìgbómìnà tí Ìyá Rábì ń sọ. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa oní-irú ni mo ṣe ògbufọ̀.

Nígbà tí dókítà rí irú Ìyá Rábì, tó gbọ́ iye ọjọ́ tó ti wà nílẹ̀ àti pé omi eérú ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, ó ń yí i wò lọ́wọ́, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Ó bèèrè pé ta ló ronú kan omi eérú yìí. Mo bi ìyá. Ìyá sọ ọ́, ó gùn: ìyá wọn, Òkè-Ìlá, bí ìyá náà ṣe máa ń gbá wọn lọ́wọ́ ní kékeré tí wọ́n bá sá irú sóòrùn.

Mo yíjú sí dókítà. Mo sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá ní èmi ni mo ronú kàn án, èmi ni mo sì kọ́ àwọn.

Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni, mo rò ó. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa yan ẹnì kan tí á máa kọ́ àwọn obìnrin ìlú mìíràn, orúkọ rẹ̀ á sì wọ ìwé. Mo wo ìyá, mo ní àgbàlagbà tí kò mọ̀wé, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Èṣù kọ́ ló ṣe é. Èmi ni.

Dókítà dì mọ́ mi. Ìyá Rábì bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ ṣeun, Màmá. Wọ́n ní irú yín dára."

Ìyá ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbàdúrà fún mi níbẹ̀ pé Ọlọ́run á gbé mi ga.

Mo ga lóòótọ́. Kí n má purọ́ lé irọ́, àwọn ará yunifásítì yẹn ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ àtíbàbà aláwọ̀n tí eṣinṣin ò lè wọ̀, wọ́n fi ọ̀rá tí a lè lẹ̀ pa hàn wá, wọ́n bá wa wá oníbàárà. Àwọn obìnrin ń wá láti Ìgbájọ àti Ìresì wá kọ́ ọ. Èmi ni tíṣà wọn, fọ́tò mi wà lára ọ̀rá. Ẹni tó bá kọ́ ọ tán ń gba ìwé ẹ̀rí, àwọn tó ń gbé mọ́tò wá láti Òṣogbo kì í sì í ra tẹni tí kò níwèé.

Ẹ jọ̀ọ́, ó tún kù. Nígbà àkọ́kọ́ tí a kọ orúkọ àwọn tó máa gba ìwé ẹ̀rí, ti Ìyá Rábì wà níbẹ̀. Mo yọ ọ́. Mo ní wọ́n ti dàgbà, kí wọ́n sinmi. Ẹ̀rù ń bà mí ni, kí wọ́n má lọ lanu níwájú dókítà mìíràn tó gbọ́ Yorùbá. Bí àwọn oníbàárà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rékọjá ilé wọn nìyẹn. Àwọn ọmọdé obìnrin ń pe irú wọn ní irú ayé àtijọ́, mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mò ń kọ orúkọ àwọn tuntun níwájú ilé. Ìyá Rábì fi ọ̀pá rọra rìn wá. Wọ́n dúró títí àwọn tó kù fi lọ. Wọ́n wá ń tiraka láti kúnlẹ̀, mo sáré dì wọ́n mú.

"Tíṣà," wọ́n ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi kún un. Màá jókòó jẹ́ẹ́. Mi ò ní sọ nǹkan kan."

Ẹ! Ìyá tó lè bí ìyá mi. Látọjọ́ tí mo ti wọ agboolé yìí, ìwọ ni wọ́n ń pè mí. Ìyàwó, o jí ire? Ìyàwó, gbé omi yẹn wá. Wọn ò pè mí ní ẹ̀yin rí. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Wọ́n ní àwọn ò ní sọ nǹkan kan. Ṣé wọ́n ti mọ̀ ni? Ọjọ́ wo ni wọ́n mọ̀? Èmi tí mo láyà láti túmọ̀ ẹnu wọn lọ́jọ́sí, mi ò lè túmọ̀ èyí. Mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà."

Àná ni mo jẹ́wọ́ fún ọkọ mi. Ó ní kí n gbé e mì. Ó ní tí yunifásítì bá gbọ́, wọ́n lè kó gbogbo nǹkan wọn lọ, kí ìyà wá jẹ gbogbo obìnrin tó ń jẹun níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá àánú àwọn obìnrin ló ń ṣe é ni àbí ti orúkọ rẹ̀. Àmọ́ kò parọ́, wọ́n lè kó o lọ. Àwọn opó wà nínú wọn. Bí mo bá sì dákẹ́, ẹni tó bá dalẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilẹ̀ ni yóò bá lọ.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Ìyá Rábì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn, èmi á dúró níwájú, màá bu eérú sọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn?