Òrùlé Tí Mo Gé

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ yìí kí n tó di ìyàwó ẹni tí mo ṣẹ̀. Ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ ni ojú èmi àti Adélàjà ti kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin, lọ́dún 2005. Ọkọ̀ ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, èrò ń tira wọn, oníkálukú gbé agbọ̀n ẹja lérí. Òun gbé ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kékeré kan sókè bí ọmọ tuntun, kí wọ́n má baà fọ́ ọ. Ọ̀dà táwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi lò kù ló wá tọrọ láti fi kùn ún. Ó wò mí, mo wò ó, n kò gbóòórùn ẹja mọ́.

Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Ígbògbò, ẹnu mi ò padé. Ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tókunbọ̀ tó ti bàjẹ́ ló máa ń rà. Á gé imú ọ̀kan, á gé òrùlé òmíràn, á lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìdérí báírò á di ibi tí èéfín ń gbà jáde. Tó bá kùn ún tán, ojúlówó orí ọkọ̀ ojú irin tí bàbá rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ awakọ̀ rélùwéè, wà nígbà ayé wọn lẹ máa rí, lórí àtẹ́lẹwọ́! Mo máa ń rò ó pé, ọwọ́ yìí, kí ni kò ní lè tún ṣe? Festus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó wa, mí jẹ́jẹ́ o, kó o má baà fẹ́ táyà wa dànù! Gbogbo èyí tó wà lára ìṣó lára ògiri yẹn, òkú ni. Èyí tó bá wù ẹ́ ni kó o gé."

Lọ́jọ́ kan tí wọn ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí n ya olólùfẹ́ mi lẹ́nu. Mo rí pupa kan nínú ọ̀rá búrẹ́dì lára ìṣó. Mo gé òrùlé rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó ń ṣe lọ́wọ́. Èmi aláìmọ̀kan! Èyí tí wọ́n bá fi ọ̀rá wé, wọn kì í gé e. Òun ni bàbá Adélàjà rà fún un kẹ́yìn kí wọ́n tó kú. Nígbà tí òun àti Festus dé, tí Adélàjà rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ta ló gé e?" Mo kàn gbé ojú mi, ojú kan náà tó rí l'Ọ́jà Olúwo, mo sì gbé e lé Festus.

"Làjà, èmi kọ́."

"Jáde."

Lẹ́yìn náà, Festus dá mi dúró ní gáréèjì Ìkòròdú. "Ìyàwó wa, kò gbé fóònù mi. Bá mi fún un ní lẹ́tà yìí. Tìẹ ló máa gbọ́." Ó fọkàn tán mi! Mo fi lẹ́tà náà sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. N kò ṣí i, n kò sì fi jíṣẹ́. Èyí ló burú jù.

Lánàá mo bi Adélàjà pé ta ni yóò dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ó ní, "Ẹni tó yẹ kó dúró ti lọ." Oorun ò kùn mí. Ẹ̀yin ọmọge tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìfẹ́ bíi tèmi, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì ru ẹ̀bi yín nítorí ọkùnrin. Festus, jọ̀ọ́, foríjì mí. Láàárọ̀ yìí ni mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Adélàjà. Kò pariwo. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ọwọ́ tó máa ń lẹ ohun tó fọ́. Mo fi lẹ́tà Festus sí i.