Rọ́bà Bíréèkì Tí Mo Yàn fún Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Télọ̀ ni mí ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sì sọ ọ́ fún lèmọ́mù wa. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tó ń jìyà rẹ̀ dípò mi ti ń darúgbó, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ kú pẹ̀lú ẹ̀sùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bàbá wa fi Píjò 404 kan sílẹ̀ nígbà tó kú. Láyé ìgbà tí kòkó ń so dáadáa ló rà á. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ráímì, ló ń wà á. Àgbẹ̀ ni Bọ̀dá, wọn kò fi ọkọ̀ náà kérò rí. Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló.

Èmi ni wọ́n kà sí ẹni tó mọ̀ nípa mọ́tò nínú ilé wa. Ká sòótọ́, èmi fúnra mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo máa ń dúró lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo sì ti há orúkọ irin mélòó kan sórí. Ẹnu mi mọ mọ́tò ju ọwọ́ mi lọ.

Nígbà tí ìgbéyàwó ìbátan wa kan ní Òkè-Ìlá kù díẹ̀, bíréèkì ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mẹkáníìkì tú táyà, ó ní rọ́bà inú rẹ̀ tó ń di ọ́ìlì bíréèkì mú ló ti jẹ. Bọ̀dá ní kí n lọ yan òmíràn wá ní Òṣogbo, torí èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Páàtì 404 ti ń ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ọkùnrin tó ń tà á gbé rọ́bà kan síwájú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti ọkọ̀ mìíràn nìyí o. Ó jọ ọ́, àmọ́ ó fi díẹ̀ kéré. Bí ẹ bá fẹ́ ti 404 gan-an, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé."

Sátidé ni yìgì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Mo ti rí ara mi nínú agbádá tí mo fọwọ́ ara mi rán, níwájú ọkọ̀ bàbá wa, tí àwọn ọmọge Òkè-Ìlá ń wò mí. Mo fi ìka tẹ rọ́bà náà bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Mo ní, "Á gbà á."

Mẹkáníìkì bi mí bóyá ti 404 ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbà mí gbọ́, ó sì dè é.

Ní àárọ̀ Sátidé, Ìyá Sáràtù ti jókòó síwájú ọkọ̀ kí a tó dé ibẹ̀. Àbúrò bàbá wa ni. Àwọn ló pọn èmi àti Bọ̀dá dàgbà. Mo sọ fún Bọ̀dá pé ó yẹ kí n wà níwájú, kí n lè máa tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ti kún. Bọ̀dá bá bẹ ìyá pé kí wọ́n bá bọ́ọ̀sì lọ. Inú bí wọn gidigidi.

Wọ́n ní, "Inú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ ti sọ̀ mí kalẹ̀? Ó dáa. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn bọ̀." Gbogbo agbo ilé ló gbọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ la ń bọ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, Bọ̀dá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ wọn wọlẹ̀ lọ. Wọ́n tún un tẹ̀. Ọkọ̀ kò dúró. A já wọ oko obì, a sì fi orí sọ igi. Ọlọ́run yọ àwọn tó wà lẹ́yìn, àmọ́ iwájú orí mi bẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bọ̀dá ṣẹ́, kò sì tò dáadáa títí di òní. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ẹlòmíràn ló ń bá wọn ká kòkó.

Kí wọ́n tó gbé wa kúrò níbẹ̀, mo rí ọ́ìlì tó ń ṣàn lára táyà iwájú. Mo mọ ohun tó fà á.

Nígbà tí àwọn àgbà ilé bi mí bóyá bíréèkì náà ní àbùkù tẹ́lẹ̀, mo ní kò ní, pé tuntun ni mo rà. Ni ẹnì kan bá rántí ọ̀rọ̀ ìyá. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí wọ́n ṣe parí ẹjọ́ náà nìyẹn. Mo wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í jẹ oúnjẹ ọwọ́ Ìyá Sáràtù mọ́ nínú ilé wa. Bọ̀dá kì í kí wọn. Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, a kì í jẹ́ kí ìyá gbé e. Mo bí ọmọ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà kò gbé ìkankan fún wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Sáràtù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé aṣọ ni wọ́n fẹ́ fún mi rán. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì kúnlẹ̀. Ìyá tó pọ̀n mí!

Wọ́n ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu mi ló ṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́sẹ̀. Inú ló bí mi. Mi ò mọ̀ pé ẹnu mi burú tó báyẹn. Dárí jì mí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo fà wọ́n dìde, mo ní, "Ìyá, mo ti dárí jì yín." Wọ́n sunkún, wọ́n sì súre fún mi àti fún àwọn ọmọ tí wọn kò gbé rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, n kò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Bọ̀dá lè lé mi, ó tọ́ sí mi. Ti ìyá ni kò yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo ti gba ẹ̀bẹ̀ wọn, mo ti ṣe àmín sí àdúrà wọn. Ẹnu wo ni n ó wá fi sọ fún wọn pé wọn kò ṣẹ̀ mí rí?