Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Wọ́n Fi Ta Wá Lọ́rẹ

"Màámi, ta ló ń pe bọ́ọ̀lù mi?" Ìbéèrè tí ọmọ yín bi èmi àti bàbá ẹ̀ lónìí nìyẹn, Bùrọ̀dá. Ó gbé bọ́ọ̀lù sáàárín yàrá àwọn ọmọ, kò tì í, kò fẹ́ ẹ, bọ́ọ̀lù gbéra fúnra ẹ̀, ó yí gbirigbiri lọ sí kọ̀rọ̀ kan náà tó ti ń lọ látọjọ́ tá a ti kó dé. Ẹ ò jẹ́ dá a lóhùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ilé wò?

Rárá, ẹ jókòó. Òjò ń rọ̀, ibo lẹ ń lọ? Ọ̀wọ̀ yín wà lára mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹ jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò. Màá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ nítorí àwọn ọmọ tí mo tẹ́ ẹní fún ní pálọ̀ yìí, níbi ẹsẹ̀ yín níbẹ̀ yẹn, torí wọn ò ní sun yàrá yẹn mọ́.

Ta ló sọ pé ilé yìí ti gbó, pé ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kínníkínní, tó máa gun àjà, tó máa ká kápẹ́ẹ̀tì, tó máa wo ìpìlẹ̀? Ṣèbí èmi ni. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ bi ọkọ mi ìgbà tí mo di bíríkìlà. Ẹ ní bánkì tó fẹ́ yá wa lówó ti rán ẹni tiẹ̀ wá wò ó, ṣé bánkì á fowó ẹ̀ ṣeré ni? Hà, Bùrọ̀dá! Ohun tí bánkì wá wò ni bóyá òun á rí ilé náà tà bí a ò bá san án. Kí ló kan bánkì bí ògiri bá wó lé ọmọ mi lórí?

Nígbà tí mo yarí, ẹ mú ọ̀rẹ́ yín wá. Àyẹ̀wò oréfèé, èyí tí wọ́n ń ṣe fún ilé tí kò tíì gbó. Ẹ ní ó yá. Ó yá lóòótọ́, kí n tó po tíì fún un, ó ti parí. Ẹni tó wọ bàtà funfun wá yẹ ilé wò! Ó fìka kan ògiri, ó dára. Ó fìka kan fèrèsé, ó dára. Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i, ì bá kan èmi náà níwájú orí.

Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ gàgàrà tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́, tí bàbá tó ta ilé fún wa ní òun fi ta àwọn ọmọ lọ́rẹ? Ẹ̀yin lẹ dìde tẹ́ ẹ dúpẹ́, tẹ́ ẹ ní irú èèyàn báyìí ṣọ̀wọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n o. Ọ̀rẹ́ yín kọ ọ́ sójú ìwé kẹta àbọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀ pé òun kì í sún ẹrù, torí náà òun ò rí ẹ̀yìn ẹ̀. Mo kà á sókè létí yín. Kí lẹ wí? Ẹ ní, "Ìyàwó, ògiri kọ́ la fẹ́ rà, ilé ni."

Lónìí, bọ́ọ̀lù há sábẹ́ ẹ̀, la bá sún un, èmi àti àbúrò yín. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Tiwa lanu láti àjà délẹ̀, ọwọ́ mi wọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, òjò ìta sì ń kán sí mi níka, ilẹ̀ ibẹ̀ náà sì ti rì. Ìdí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn gan-an làwọn ọmọ ń kọrí sí sùn, oṣù méjì gbáko! Ọmọ ọdún márùn-ún fi bọ́ọ̀lù yẹ ilé wò, ó rí ohun tí ọ̀rẹ́ yín ò rí.

Ẹ má bẹ̀ mí, ẹ̀bẹ̀ kì í dí ògiri. Ẹ̀yin lẹ máa pe ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kínníkínní, lọ́la. Ẹ̀yin lẹ máa di àkàbà mú fún un. Ohun tó bá sì kọ, ẹ̀yin lẹ máa kà á sókè fún àbúrò yín, títí kan ojú ìwé kẹta.

Ẹ fẹ́ dá ọmọ lóhùn báyìí? Ó ti sùn. Bàbá ẹ̀ náà ti ń hanrun. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ rọra kọjá lára wọn. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín sí yàrá yẹn. Ẹ kọrí sí ògiri tẹ́ ẹ ò rà.