Ta Ló Fún Ayùn Ògúnlànà Lágbára?

Ẹ dìde nílẹ̀, Àǹtí Ọmọ́níkẹ́! Ẹ dìde jàre, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi lójú gbogbo èrò Bọ́ládé Òṣòdì níbí, àbúrò yín ni mí, ọmú kan náà la jọ mu, ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn tó ń dúró de mọ́tò lọ́hùn-ún máa sọ pé Táòfíkì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ti sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ẹrú ni? Áà! Ẹ jókòó sórí àpótí yìí. Orí yín lẹ fi ru ẹ́ńjìnnì ayùn yìí láti Ìsọlọ̀? Nínú oòrùn yìí? Ọkọ yín lápá méjì, ó lẹ́sẹ̀ méjì, ó ní kẹ̀kẹ́ tí èmi fúnra mi tún ṣe fún un, ó wá di irin lé yín lórí bí ẹni di iṣu, ó ní ẹ lọ bẹ Táòfíkì. Ojú wá ń tì í láti wá! Ojú ò tì í ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá o!

Ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, torí mo mọ̀ pé irọ́ ló pa délé. Àwọn òyìnbó tó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ sí Ìsọlọ̀ gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó fi gé igi apá ńlá tó wà láàrin ilẹ̀ wọn. Ayùn ń pariwo, ó ń han gooro, kò sì sí ipá kankan níbẹ̀, tó bá ti wọ inú igi níwọ̀n ìka mẹ́rin báyìí, ṣéènì á dúró gbagidi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn tó ń fi ayùn ọlọ́wọ́ méjì lagi fi Ògúnlànà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kó gbé nǹkan rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gé ìrèké. Ló bá wá bá mi níbí, orí àpótí tẹ́ ẹ jókòó lé yìí náà ló jókòó sí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Àna mi, gbà mí." Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn lẹ́nu rẹ̀ o! Àna mi!

Mo gbà á. Ta ló ní kí n gbà á? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi pa iṣẹ́ gbogbo èèyàn tì nítorí rẹ̀. Mo ṣí sáléǹsà rẹ̀ kí èéfín lè rọ́nà jáde dáadáa, mo fi fáìlì ha orí sìlíńdà rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí iná inú rẹ̀ lè le, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni wíìlì eléyín tó ń fa ṣéènì. Eyín mẹ́jọ ni wọ́n fún un láti òkè òkun. Eré ni ti eyín mẹ́jọ! Igi tó rọ̀ nílùú wọn ni wọ́n ṣe é fún. Apá kì í ṣe igi téèyàn ń fi eré bá jà, ipá ló ń fẹ́. Mo wá irin líle kan, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbẹ́ wíìlì tó ní eyín mẹ́fà péré, mo ń fi fáìlì yọ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹ wò ó, ẹ wo èkejì! Mẹ́rin ni mo bà jẹ́. Ìkarùn-ún ló wọ̀ ọ́. Eré ayùn dín kù, ipá rẹ̀ wá pọ̀ sí i, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kéékèèké gun òkè. Ògúnlànà wò mí níjọ́ náà, ó ní Ọlọ́run ló fi mí jíǹkí ìdílé yín. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, àbí ẹ ò sí níbẹ̀?

Ó di Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n gé igi. Kí oòrùn tó dé àárín orí, apá ti balẹ̀, gbogbo Ìsọlọ̀ mì tìtì, òyìnbó bọ́ fìlà lórí. Fọ́máànù wá bèèrè, ó ní ta ló ṣiṣẹ́ yìí sára ayùn, ó ní ilé iṣẹ́ ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí yóò máa tọ́jú gbogbo ẹ́ńjìnnì wọn. Mo wà níbẹ̀ o! Mo dúró ti ọkọ yín, ọ́ìlì ṣì wà ní èékánná mi, mo ti ń tún ọrùn bùbá mi ṣe. Ògúnlànà lanu, ó ní òun ni. Ó ní òun ló pa àkùkọ fún Ògún, tóun ta epo pupa sí i, ni ayùn fi lágbára. Fọ́máànù nawọ́ sí mi, ó ní, "Eléyìí ńkọ́?" Ẹ mọ ohun tí ọkọ yín sọ? "Eléyìí? Ó máa ń bá wa lẹ táyà kẹ̀kẹ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín! Wọ̀láì, bí mo ṣe rìn dé Òṣòdì níjọ́ yẹn, mi ò mọ̀.

Ṣé kì í ṣe Ògúnlànà yìí náà ló na gbalaja sílẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín? Tó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá wa, tó dọ̀bálẹ̀ fún èmi tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, tí bàbá ní kó má dìde títí màá fi sọ pé ó tó? Èmi ni mo ṣàánú rẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ibẹ̀ ni ì bá ṣì wà títí dòní!

Ẹ bá mi na búrọ́ọ̀ṣì yẹn. Kí ló tilẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì yìí? Háà! Àǹtí mi, ẹ wá wo nǹkan! Ìyẹ́ adìẹ! Ìyẹ́ adìẹ lára ẹ́ńjìnnì! Ẹ ní kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n ní kó tún bọ Ògún náà lójú wọn kí wọ́n tó wọ igi kejì? Ó ti parọ́, kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ló bá dúńbú àkùkọ lé e lórí! Àwọn ìlà-ìlà irin tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà tù ú lára. Ẹ̀jẹ̀ ti gan mọ́ ọn, ìyẹ́ ti dí i, ìyẹ̀fun igi ti lẹ̀ mọ́ epo pupa, báwo ni kò ṣe ní gbóná kú? Mi ò bú Ògún o. Àwọn tó ń bọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè níbí, ilẹ̀ ni wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ sí. Ta ló rán an pé kó dà á sára ẹ́ńjìnnì?

Kí lẹ wí? Ọ̀la ni òyìnbó ń bọ̀ wá wò ó? Lójú gbogbo wọn? Bí kò bá gé igi, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ tún un sọ, ó ń dùn mọ́ mi nínú! Kí wọ́n gbà á! Kí ojú rẹ̀ já wálẹ̀ bí tèmi ṣe já! Ẹ má ki àwọn ọmọ yín bọ ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ mi ni wọ́n, ilé mi ni wọn yóò ti jẹun bí ẹnikẹ́ni ò bá bọ́ wọn. Ohun tí mò ń bèèrè ò pọ̀. Kó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí ilẹ̀ Ìsọlọ̀ níwájú fọ́máànù, kó là á mọ́lẹ̀ pé Táòfíkì ló ṣe é. Ó ní kí ẹ sọ fún mi pé òun ò ní ṣe é? Ó ní òun ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ? Kò burú. Kò burú rárá.

Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ jẹ́ n fa okùn rẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀! Ẹ rò pé ẹnu nìkan ni mo fi ń ṣiṣẹ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti dé? Mo ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ẹ má dúpẹ́. Mo ní ẹ má dúpẹ́ o! Kí ni mo kì sápò? Ẹ rí i, ẹ rí i náà! Wíìlì mi ni. Wíìlì òyìnbó tó ní eyín mẹ́jọ ni mo dá padà síbẹ̀, mi ò mú nǹkan ẹlòmíràn, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo mú. Yóò pariwo dáadáa lọ́la, wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún un, yóò wá wọ inú igi. Haha! Kó pa màlúù sí i!

Ẹ má sunkún, Àǹtí mi. Ẹ gbé e, ẹ máa lọ. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló dé lọ́la, ó mọ ọ̀nà ibí. Ẹ ní kó bọ́ agbádá sílé kó tó wá, torí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi kún fún ọ́ìlì, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, mi ò sì ní tètè sọ pé ó tó.