Ìwé Tí Wọ́n Fi Orúkọ Mi Sí

Ẹ̀yin Akọ̀wé, ẹ má mira. Mo ní kẹ́ ẹ má mira! Píìnì mẹ́rìndínlógún ló wà lára ṣòkòtò yẹn, mẹ́ta nínú wọn sì wà níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ò ní fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ sí, nítorí náà ẹ dúró jẹ́ẹ́ lórí àpótí yẹn, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo ti ń wá yín! Mo délé yín, ìyàwó yín ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ bàtà yín wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo pè yín lórí fóònù, ó dún títí ó fi dákẹ́. Àfìgbà tí alága káńsù fi yín sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, tẹ́ ẹ wá rí i pé ṣòkòtò tẹ́ ẹ ní ò ṣeé wọ̀ jókòó láàárín àwọn èèyàn ńlá, ìgbà yẹn lẹ tó rántí pé mò ń ránṣọ. Ẹ káàbọ̀ o.

Ta ló ní kẹ́ ẹ fi orúkọ mi sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ? Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn, mi ò ní òmíràn. Ta ló ní kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀? Ẹ má tíì dáhùn. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ikùn yín ń lọ sókè sódò, ìwọ̀n mi á yẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, torí ó jọ pé ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì nílé ìfìwéránṣẹ́ ni ọpọlọ yín náà fẹ̀yìn tì. Ṣé kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù yìí la ti bẹ̀rẹ̀ ni? Ọdún méjìlá sẹ́yìn, èmi, ẹ̀yin, ọkọ mi tó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, àti bàbá tó ń tún aago ṣe. A ní ó ti sú wa kí àwọn tó ń dupò máa wá sí àdúgbò wa wá juwọ́, kí wọ́n kọrin, kí wọ́n sì máa lọ. A ní àwa tí a fẹ́ kí nǹkan tó dáa wà bó ṣe wà, a ò lẹ́ni tó ń bá wa wádìí wọn. Ká pè wọ́n wá síbí lọ́kọ̀ọ̀kan, ká bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ká kọ ohun tá a rí sínú ìwé kan ṣoṣo, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé búrẹ́dì níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá láàárọ̀. Wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wá ní Ẹgbẹ́ Ẹ-Fi-Í-Sílẹ̀-Bẹ́ẹ̀. Ṣé ó dùn mí? Kò dùn mí rárá, orúkọ tó dáa ni. Nǹkan tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin tẹ́ ò bá mọ ẹni tó ṣe é, ẹ béèrè ìdí tó fi ṣe é kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́. Kí ìjọba máa tún gọ́tà ṣe, kó yéé kọ́ wa bá a ṣe máa tọ́ ọmọ wa. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, òun ni n ó sì máa gbà gbọ́ títí wọ́n á fi gbé mi jáde níbí, mi ò tijú rẹ̀.

Èmi ni mo sì ń kọ ìwé náà. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ pé mi ò mọ irọ́ pa. Ẹni tó bá sanra, mo máa ń sọ fún un pé ó sanra. Mo ti sọ fún ẹ̀yin náà lónìí.

Lọ́dún yìí, èèyàn mẹ́ta ló jókòó sórí àga yẹn, èyí tí fìlà yín wà lórí ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọkùnrin tó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹ bi í bóyá kí wọ́n fi kún agbára àwọn káńsù, ó ní òun fara mọ́ ọn. Bàbá aláago bi í bóyá kí wọ́n dín in kù, ó ní òun fara mọ́ ìyẹn náà pátápátá. Mo bi í bóyá omi tútù ló fẹ́ tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ní èyí tí ará ìlú bá fẹ́ ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ó gbà pẹ̀lú wa, ó sì gbà pẹ̀lú ẹni tó takò wá." Ẹ ò yí ìyẹn padà. Ẹ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

Àna mi ló tẹ̀ lé e. Bàbá ọkọ ọmọ mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí láyé, òun ló ń dupò alága káńsù lórúkọ ẹgbẹ́ tí gbogbo wa ti ń dìbò fún láti kékeré. Aago mẹ́rin la pè é, ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn ló wọlé. Ó dì mọ́ yín níkọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹni tiwa lòun, ó ní àwọn tó fẹ́ da ìlú rú ti dé ẹnu ọ̀nà, àfi ká dìde. Ẹ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn létí. Ìgbà yẹn ni mo wá bi í ní ìbéèrè tèmi, èyí tí mo ti ń bi gbogbo wọn láti ọdún méjìlá: kí lohun tẹ́ ò ní fọwọ́ kàn nílùú yìí? Ó ní, "Ẹni tiyín ni mí." Mo ní mo gbọ́, kí lẹ ò ní fọwọ́ kàn? Ó ní, "Àna, ṣebí ẹ mọ̀ mí." Mo mọ̀ ọ́n dáadáa! Bọ́tìnì kẹta lára kóòtù rẹ̀, píìnì ló fi mú un, ó ti lé lọ́dún kan. Mo ní kó bọ́ kóòtù kí n rán an fún un lójú ẹsẹ̀, ó ní tó bá yá.

Ẹnì kẹta wá ni ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì yẹn, tó ń bá àna mi du ipò alága. Ẹgbẹ́ kejì kẹ̀, àwọn tó máa ń pariwo àtúnṣe kiri. Mi ò fẹ́ràn ẹgbẹ́ yẹn, mi ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló dé, ó dúró níta títí aago fi lù kó tó kan ilẹ̀kùn. Mo wo etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ló fi rán an, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Mo bi í, kí lo ò ní fọwọ́ kàn? Akọ̀wé, ọmọ náà ronú! Láti ọdún méjìlá, òun lẹni àkọ́kọ́ tó ronú. Ó ní ilé ìkàwé tó wà nísàlẹ̀ káńsù, torí àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn ló ń lò ó jù. Ó ní àwọn igi iwájú ilé ìwé. Ó ní wákàtí tí ilé ìwòsàn ń ṣí. Ó ní èyí tó kù, òun á béèrè kóun tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wá bi í bóyá ó máa bá wa ti àwọn ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ ìsinmi, ó ní rárá, ẹni tó bá fẹ́ ṣí kó ṣí. Ojú wa ló ti sọ ọ́! Ó lè purọ́ kó lọ, kò purọ́.

Kí ni mo wá kọ? Mo ti há a sórí báyìí. "Àna mi ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa, àmọ́ kò dárúkọ ohun kan tó máa fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ara wa, ọ̀rọ̀ wa ò sì dọ́gba lórí ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, òun ló mọ ohun tó yẹ ká tọ́jú." Ó parí. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni dìbò fún un. Mo ká ìwé náà, mo fi lé yín lọ́wọ́, pé ẹ lọ bá mi tẹ̀ ẹ́.

Kí ló wá wà lára ògiri ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìbò? "Àna mi kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun. Nọ́ọ̀sì yóò da ìlú rú. Èmi, Ìyá Aránṣọ, ni mo kọ ọ́." Ha! Èmi wo? Èmi tí mo ti ń fi sùúrù kọ òótọ́ láti ọdún méjìlá, èmi tí mo kọ ọ́ nígbà kan pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò yẹ nípò, tí kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ!

Ìbò mọ́kànlá ni àna mi fi wọlé. Mọ́kànlá! Ọ̀sẹ̀ kẹta tó débẹ̀, ó ti kó ilé ìkàwé lọ sí àjà kẹta, ó sọ ìsàlẹ̀ di yàrá tó ti ń gbàlejò, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Ẹ ti jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, mo mọ̀. Bàbá ọ̀rẹ́ mi oníbúrẹ́dì, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó ń ka ìwé ìròyìn níbẹ̀ láràárọ̀, àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ló ń jókòó sí báyìí, awò ojú rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń retí ẹni tó máa rántí bá òun mú ìwé ìròyìn sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, ẹnikẹ́ni kì í rántí. Oníbúrẹ́dì sì wò mí lójú, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ dìbò fún tẹ́lẹ̀, ìwé rẹ ni mo kà tí mo fi yí ọwọ́ mi padà." Láti ọjọ́ náà, ó ń ta búrẹ́dì fún mi, kò kí mi. Ó kàn ń nà án sí mi.

Kí lẹ sọ? Ẹ sọ ọ́ sókè, kò sí píìnì lẹ́nu yín, ẹnu mi ló wà.

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò fi ya á nígbà tí mo rí i?

Mo rí i. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i. Aago méje àárọ̀, mo lọ ra búrẹ́dì, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èékánná mi ti wà létí ìwé náà. Ọmọ mi ló dé ẹ̀yìn mi lójijì, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ ṣé fún ohun tẹ́ ẹ kọ nípa Bàbá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa kí mi dáadáa nínú ilé yẹn." Kí n wá ṣe báwo? Kí n ní irọ́ ni, èmi ò kọ ọ́? Mo ní kò tọ́pẹ́. Mo wálé. Ẹ̀yin lẹ fi mí sínú rẹ̀! Ká ní ẹ fi ìwé mi sílẹ̀ bó ṣe wà ni, àna mi á bínú sí èmi, á pẹ́ á yá, á tán. Ọmọ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ò ní...

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ.

Ọmọ mi? Ọmọ tèmi ló wá bá yín? Ìgbà wo? Lálẹ́ ọjọ́ tí mo fún yín ní ìwé. Ó rí i níbí lórí máṣìnì, ó kà á. Ó wá sílé yín, ó kúnlẹ̀, ó ní tí ìwé yẹn bá jáde bẹ́ẹ̀, òun ò ní lè gbé ilé ọkọ òun mọ́. Ó sunkún. Ẹ̀yin náà sì lọ́mọ nílé ọkọ.

Hẹn.

Ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀.

Ó dì mọ́ mi o, Akọ̀wé. Ó wò mí lójú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó dáa. Ẹ gba bírò yìí. Ẹ gba páálí yìí, òun la máa lẹ̀ mọ́ ògiri, inú ibi funfun yẹn ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ẹ gbé e lé ejìká mi, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ kọ pé: ìwé tá a lẹ̀ ṣáájú ìbò, èmi Akọ̀wé ni mo yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Ẹ fi orúkọ yín sí i. Ti ọmọ mi? Ẹ ò ní fi ti ọmọ mi sí i! Ẹkún ló mú wá, ẹ̀yin lẹ mú bírò. Èmi àti ọmọ mi á sọ tiwa láàárín ara wa, bó bá sì jẹ́ pé ilé mi ló máa padà sí, yàrá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mi ò yí ibùsùn ibẹ̀ padà. Ẹ̀yin ní tiyín, tí alága bá yọ yín nínú ìgbìmọ̀, ṣòkòtò yìí á ṣì bá yín mu.

Ẹ máa kọ ọ́ lọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ gan-an sábẹ́ rẹ̀, títí kan ti ọjọ́ ìsinmi. Ẹ ti kọ ọ́? Ó ku ìlà kan. Ẹ kọ pé Ìyá Aránṣọ rí irọ́ náà lára ògiri láago méje àárọ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú ìbò, ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì ra búrẹ́dì, ó bá tiẹ̀ lọ.

Rárá, kò pọ̀ jù. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà kí bàbá tó wà lórí àtẹ̀gùn lè rí i kà.