Ibi Tí Téèpù Ti Já

Ẹ jókòó, Bàbá! Omi wo lẹ fẹ́ lọ mu? Omi ló wà níwájú yín yẹn, ẹ ò tíì fẹnu kàn án. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n pariwo lé yín lórí nínú ilé yín.

Ogún ọdún ó lé! Ogún ọdún ó lé ni mo fi gbà pé ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó ń wojú ọ̀nà, tí ìyá rẹ̀ ò dé, ibẹ̀ ni fíìmù tá a ń wò yìí parí sí. Tó bá ti débẹ̀ báyìí, àwòrán á parẹ́, ẹ ó ní, "Téèpù ti já, ọmọ mi, ó ti parí." Àwọn ọmọ iléèwé wa sọ fún mi pé ìyá náà dé, mo pè wọ́n ní òpùrọ́, mo bá ọ̀kan jà títí aṣọ mi fi ya! Nítorí pé bàbá mi kì í parọ́. Mo ní kẹ́ ẹ bá mi tún un ṣe, ẹ ní kò ṣeé tún ṣe. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí gbogbo àdúgbò ń gbé tẹlifíṣọ̀n wá bá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún rédíò ọ̀gá iléèwé ṣe lẹ́yìn tó bọ́ sínú kànga!

Èmi náà wá ní kí n ṣe dáadáa. Mo wá ẹ̀dà fíìmù náà tó pé, mo ní lọ́sàn-án òní tí n kò fi mọ́tò gbé ọmọ iléèwé kankan, kí èmi àti bàbá mi jọ wò ó, ká jọ rẹ́rìn-ín. Àṣé ìyá yẹn padà wá! Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti báàgì, ó kanlẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ibẹ̀ gan-an ni òùngbẹ ti gbẹ yín.

Téèpù ò já. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e ni.

Ẹ má wolẹ̀, ojú mi ni kẹ́ ẹ wò. Ọjọ́ tẹ́nì kan ń kanlẹ̀kùn, tẹ́ ẹ ní kí n wọ yàrá lọ, tẹ́ ẹ yí rédíò sókè títí etí fi ń dùn mí ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà yẹn, mi ò gọ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sunkún. Ẹ ní oníbàárà tí rédíò rẹ̀ bàjẹ́ ni. Ta ló ń sunkún báyẹn nítorí rédíò?

Kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta! Yéè, mo gbé! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màmá mi wá, ẹ sì sọ fún mi pé wọn ò bèèrè mi rí! Mo kórìíra wọn, Bàbá, lórí ohun tí wọn ò ṣe. Títí dòní, tí mo bá gbọ́mọ délé, tí n kò rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wakọ̀ kúrò, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó dùn yín nígbà tí màmá mi lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ tọ́ mi, ẹ dirun fún mi wúruwùru, mo dúpẹ́. Ṣé ìyẹn ló ní kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ìyá mi?

Wọ́n wà láyé? Ẹ sì mọlé wọn?

Ó tó, ẹ nujú. Ẹ wọ bàtà yín, mọ́tò wà níta. Èmi á dúró lẹ́yìn yín, mi ò ní sọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀yin lẹ máa kanlẹ̀kùn.