Àjẹ́ Tó Wà Lára Jangirọ́fà

Mò ń dúró de ọkọ̀ ní Ìyànà Ìyẹsí nígbà tí ìyá kan wá yá jangirọ́fà fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́wọ́ Alàájì kan tó ń fi í ṣòwò létí títì, ó sì rí i pé àjẹ́ inú fíìmù àtijọ́ kan ni wọ́n yà sára rẹ̀.

"Alàájì, ẹ pa á rẹ́ kí n tó yá a. Irú fíìmù yẹn ló sọ gbogbo arúgbó di àjẹ́."

Mo rò ó wò, mi ò rí irọ́ níbẹ̀.

"Kò ṣeé pa rẹ́, màmá. Ojú ìyá mi ni ayàwòrán wò yà á."

"Háà! Ṣé wọ́n mọ̀ pé àjẹ́ lẹ fi wọ́n ṣe?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Màláíkà ni mo sọ fún wọn. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó."

"Ẹ yáa lọ wá ọ̀dà funfun. Ìyẹ́ apá méjì péré ló máa kó èmi àti ẹ̀yin yọ."